Ìgò Tí A Ṣan Lẹ́ẹ̀meje

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ìgò kan wọ̀yá ìjà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá àyẹ̀wò nígbà náà, ọ̀gá mi sì gbé ìwádìí kan tí àwọn kan ti tẹ̀ jáde lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ tún tiwọn ṣe kí n tó máa pariwo tèmi. Iṣẹ́ ọmọdé ni mo pè é. Ṣé wọn kò ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ni? Irú bakitéríà tí a ó lò wà níbẹ̀, ìwọ̀n iyọ̀ wà níbẹ̀, bí ooru yóò ṣe pọ̀ tó wà níbẹ̀, iye wákàtí náà wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi inú ìgò yóò ti ṣú bí ìkùukùu, a ó sì mọ̀ pé bakitéríà ti ń pọ̀ sí i.

Tèmi mọ́ gaara. Mo tún un ṣe, ó mọ́ gaara. Nígbà tó fi máa di ìgbà karùn-ún, mo ti ń wo orúkọ àwọn tó kọ ìwé náà bí ẹni ń wo orúkọ olè.

Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń bójú tó àwọn irinṣẹ́. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lórí ìwé ìwádìí kankan. Ó ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan ló bá dúró, ó gbé ìgò mi sókè sí ojú fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ìwọ lo fọ èyí?”

“Èmi ni, sà. Ọṣẹ ni mo fi fọ̀ ọ́, ó mọ́ dáadáa.”

“O ṣan án lẹ́ẹ̀mélòó?”

“Ẹ̀ẹ̀kan, sà. Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì.”

Ó mi orí. “Ẹ̀ẹ̀meje là ń ṣan án. Ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ọṣẹ náà ló ń pa nǹkan rẹ.” Ó gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń ṣan án, ó sì ń kà á sókè bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ònkà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, omi ti ṣú.

Mo padà lọ wo ìwé náà. “A fọ àwọn ìgò,” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà ṣáà fọ tèmi.

Ǹ bá kàn yọ̀ kí n sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun méjì kò jẹ́ kí n gbàgbé. Àkọ́kọ́, ká ní bàbá yẹn kò gba ibẹ̀ kọjá ni, ǹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni àwọn èèyàn wọ̀nyí pa, ǹ bá sì ní ẹ̀rí tí mo fi gbè é: ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo dán an wò. Èkejì burú jùyẹn lọ. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọṣẹ ni? Nítorí pé omi ṣú. Kí ló dé tí mo fi ṣíwọ́ wíwá àṣìṣe kiri? Nítorí pé omi ṣú. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kìíní ló ti ṣú, ta ni yóò béèrè iye ìgbà tí mo ṣan ìgò? Ohun tí wọ́n ní mo máa rí ni mo fi mọ̀ pé mo ti ṣe é bó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀, torí kí n lè mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ní mo máa rí wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni wọ́n ṣe ní kí n ṣe é.

Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni pé sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀rọ̀ “ṣáà gbà mí gbọ́”. Ohun tí mo bá rí níbí, ìwọ náà lè rí i lọ́hùn-ún bí o bá ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1660, fi èdè Látìnì kọ ọ́ sára àmì wọn pé kí èèyàn má ṣe gba ọ̀rọ̀ gbọ́ kìkì nítorí ẹni tó sọ ọ́. Karl Popper, onímọ̀ ọgbọ́n orí, náà kọ ọ́ lọ́dún 1934 pé ìṣẹ̀lẹ̀ tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò sì ṣeé tún ṣe, kò já mọ́ nǹkan kan fún sáyẹ́ǹsì. Mi ò bá wọn jiyàn. “Bí mo ṣe ṣe é” yẹn ló ń dà mí láàmú.

Ta ló lè ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ọjọ́ ti yàtọ̀, ọwọ́ ti yàtọ̀, omi ti yàtọ̀. Bakitéríà àná kọ́ ni tòní. Nígbà tí a bá ní “ohun kan náà la ṣe”, ohun tí à ń sọ ni pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ìyẹn kò já mọ́ nǹkan. Ta ló wá sọ fún wa pé kò já mọ́ nǹkan? Iye ìgbà tí mo ṣan ìgò já mọ́ nǹkan. Ẹ̀wù tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà kò já mọ́ nǹkan. Kí a tó lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó ní láti jẹ́ pé a ti mọ díẹ̀ lára ohun tí a ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ wádìí.

(Mo tilẹ̀ yára jù lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí kan ní yunifásítì McGill ní Kánádà fi hàn pé bí ọkùnrin bá wà nítòsí, eku kì í fi ìrora hàn tó bó ṣe ń fi í hàn tó bá jẹ́ obìnrin ló wà níbẹ̀. Ẹ̀wù tí ọkùnrin wọ̀ sùn mọ́jú, tí wọ́n kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ eku, ṣe é bákan náà. Òórùn ni. Ẹ wá ro iye ìwádìí oògùn ìrora tí wọ́n ti ṣe láìkọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ló di eku mú.)

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Robert Boyle, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní England, gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú dígí jáde, àwọn tó ní irú rẹ̀ láyé ìgbà náà kò tó nǹkan. Christiaan Huygens, ará Netherlands, ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1661, ó sì rí ohun àrà kan. Omi tí wọ́n ti lé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kọ̀ kò wálẹ̀ nínú ọ̀pá dígí nígbà tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ yí i ká kúrò, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó wálẹ̀. Àwọn ará London dán an wò, wọn ò rí i. Huygens ní ẹ̀rọ tiwọn ló ń jò. Lójú àwọn náà, tirẹ̀ ni kò pé. Báwo wá lèèyàn ṣe ń mọ ẹ̀rọ tí kò jò? Lójú Huygens, ẹ̀rọ tí omi kò ti wálẹ̀ ni. Lójú tiwọn, ẹ̀rọ tí omi ti wálẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú títí Huygens fi dé London fúnra rẹ̀ lọ́dún 1663, tó dúró ti ẹ̀rọ wọn, tí omi sì kọ̀ tí kò wálẹ̀ níbẹ̀ náà. Harry Collins, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣiṣẹ́, ló sọ yíyípo yìí di gbajúmọ̀: ẹ̀rọ tó dára la fi ń mọ èsì tó tọ́, èsì tó tọ́ la sì fi ń mọ ẹ̀rọ tó dára.

Collins yìí kan náà ló kọ ìtàn kan tí mo fẹ́ràn jù. Àwọn olùwádìí ní Moscow ń sọ fún aráyé pé bí wọ́n bá fi okùn gbé òkúta sáfáyà kan kọ́, tí wọ́n sì mú kó máa gbọ̀n, gbígbọ̀n náà máa ń pẹ́ lọ́nà àrà kó tó dákẹ́. Fún nǹkan bí 20 ọdún, kò sí ẹni tó rí èsì tó tó tiwọn ní ilẹ̀ Yúróòpù ìwọ̀-oòrùn tàbí ní Amẹ́ríkà. Ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa ń rò nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn ará Glasgow àti àwọn ará Moscow jọ wà nínú yàrá kan náà ni aṣírí tú. Okùn ni. Irú okùn tí a lò já mọ́ nǹkan, bí a ṣe dì í já mọ́ nǹkan, ó sì yẹ kí ọ̀rá díẹ̀ wà lára rẹ̀, kó má pọ̀ jù, kó má kéré jù. Ọ̀kan nínú àwọn ará Moscow náà kàn máa ń fa okùn rẹ̀ gba orí imú tàbí ẹ̀yìn etí kọjá, kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè mọ́ ọn. Ṣé ó yẹ kí ó kọ ìyẹn sínú ìwé ni? “A fi imú pa okùn.” Bóyá òun gan-an kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Irú rẹ̀ kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí yàrá àyẹ̀wò méjì ní Amẹ́ríkà, ti Mina Bissell ní Berkeley àti ti Kornelia Polyak ní Boston, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì ọmú obìnrin nítorí àrùn jẹjẹrẹ. Ìlànà kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, èsì wọn kò bára mu, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Níkẹyìn wọ́n ní kí ẹnì kan láti yàrá kìíní wá jókòó ti ẹnì kan láti yàrá kejì, kí wọ́n jọ ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó rí i pé nígbà tí wọ́n bá ń tú ẹran ara náà ká kí sẹ́ẹ̀lì lè já kúrò lára ara wọn, ẹnì kan ń pò ó kíkankíkan fún wákàtí mélòó kan, ẹnì kejì ń mì ín jẹ́jẹ́ fún bí odidi ọjọ́ kan. Lọ́dún 2014 ni wọ́n tẹ ìtàn náà jáde. Kò sí òpùrọ́ kankan nínú wọn. Wọn kàn ní ọwọ́ tó yàtọ̀ síra ni.

Tí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, inú ọ̀pọ̀ èèyàn yóò dùn, pàápàá àwọn tí ìwádìí wọn kò ṣeé tún ṣe. Gbogbo wọn ló ní okùn tí wọ́n fi imú pa. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bínú.

Ẹ wo ti ọdún 1996. John Bargh, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York tẹ ìwádìí kan jáde pé bí èèyàn bá ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ránni létí ogbó, bóun náà bá dìde láti lọ, ìrìn rẹ̀ á falẹ̀. Ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ péré ni wọ́n lò nínú ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó tàn ká, ó wọ inú ìwé ẹ̀kọ́. Lọ́dún 2012, Stéphane Doyen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels tún un ṣe pẹ̀lú 120 èèyàn, wọ́n sì fi ìtànṣán tí ojú kò lè rí díwọ̀n ìrìn. Wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Wọ́n pe àwọn tí yóò máa darí ìdánwò, wọ́n sọ fún ìdajì wọn pé ìrìn yóò falẹ̀, wọ́n sọ fún ìdajì kejì pé ìrìn yóò yá. Ìrìn tó falẹ̀ kò yọjú àfi lọ́wọ́ àwọn tó ń retí rẹ̀. Àwọn tó ń retí ìyára, ìyára ni aago ọwọ́ wọn kà fún wọn.

Nígbà tí mo ka ìyẹn, ìgò mi ni mo rántí. Èmi náà kò ṣáà ṣíwọ́ títí mo fi rí ohun tí mo ń retí.

Ọdún kan ṣáájú ti Brussels ni Daryl Bem tẹ ìdánwò mẹ́sàn-án jáde, pẹ̀lú àwọn èèyàn tó lé ní 1,000, láti fi hàn pé ọkàn ẹ̀dá ń mọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Àwọn mìíràn tún lára rẹ̀ ṣe, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí jọ́nà (ìwé tó ń tẹ ìwádìí jáde) kan náà tó gbé ti Bem jáde. Èsì tí wọ́n gbà ni pé jọ́nà náà kì í tẹ ìwádìí tí a kàn tún ṣe. Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Òwe náà kò kúkú sọ ẹni tí ń rán òótọ́ níṣẹ́, kò sì sọ ohun tí a ó ṣe bí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè bá ní òótọ́ kò lè wọlé nítorí pé kò mú ohun tuntun dání.

Lọ́dún 2015 ni èsì iṣẹ́ ńlá tí Brian Nosek ṣe agbátẹrù rẹ̀ jáde. Wọ́n mú ìwádìí 100 nínú ìmọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, wọ́n tún un ṣe. Nínú àwọn ìwádìí àkọ́kọ́, 97 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn rí ohun tó ju èèṣì lọ. Nínú àwọn tí wọ́n tún ṣe, 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni. Ká má sì rò pé àwọn tó ń wádìí ọkàn nìkan lọ̀rọ̀ kàn: ilé iṣẹ́ oògùn Amgen gbìyànjú láti tún ìwádìí 53 ṣe lórí ìmọ̀ jẹjẹrẹ, ìwádìí tí àwọn èèyàn kà sí òpómúléró, mẹ́fà péré ló dúró.

Àwọn kan dáhùn pé àwọn tó tún un ṣe kò ṣe ohun kan náà. Ìlú yàtọ̀, ọdún yàtọ̀, irú èèyàn yàtọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ọ̀rọ̀ okùn sáfáyà ti kọ́ wa pé ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹ lọ ka ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ. “Ẹ̀dá ènìyàn” ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn ò kọ “akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n ní yunifásítì kan lọ́dún kan”. Nígbà tí ọjà ń tà, gbogbo ayé lọ̀rọ̀ kàn. Ìgbà tí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò dé ló di pé ìlú kan ṣoṣo ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìlú tàbí ọjọ́ orí lè ba iṣẹ́ òun jẹ́, kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ kí èsì tó jáde? Mi ò ní ká máa fi ọwọ́ líle mú ẹnikẹ́ni nítorí pé kò mọ ohun gbogbo. Ìyàtọ̀ tí a sọ ṣáájú ni mo lè gbà. Ìyàtọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́, ó yẹ kí a dán òun náà wò kí a tó fi dá ara wa láre, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí èmi fi ìgò mìíràn tí a ṣan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a ṣan lẹ́ẹ̀meje. Mi ò ṣe é. Omi ti ṣú, mo ti ń kánjú.

Ohun kan tún wà tí mi ò tètè rí. Mo ti ń sọ̀rọ̀ bíi pé bí ohun tí a tún ṣe bá ṣe jọ ti àkọ́kọ́ tó ni yóò ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn olùwádìí OPERA kéde pé àwọn èérún kan tí à ń pè ní neutrino, tí wọ́n rán láti ilé ìwádìí CERN ní Geneva lọ sábẹ́ òkè Gran Sasso ní Ítálì, nǹkan bí 730 kìlómítà, yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bí 60 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n tún un ṣe lóṣù kọkànlá, wọ́n mú apá kan dára sí i, èsì kan náà ni. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ọkàn wa balẹ̀? Wáyà kan ni, tí kò wọlé dáadáa sí ojú ihò rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe ni wọ́n ń tún àṣìṣe wáyà yẹn ṣe. Ẹ̀rọ mìíràn tó wà lábẹ́ òkè kan náà, tí kò bá wọn lo wáyà yẹn, rí i pé àwọn èérún náà kò yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí mo bá ṣe é bí o ṣe ṣe é gẹ́lẹ́, tó fi dé orí ọṣẹ inú ìgò, àṣìṣe rẹ ni mo ń kọ́. Bí mo bá sì ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀ pátápátá, tí èsì kò jọra, mi ò tíì bá ọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìwádìí ṣe gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti jọ àti ibi tí yóò ti yàtọ̀, kò sì sí ìwé tó lè yan ìyẹn fún un.

Èyí ló sọ ọ̀rọ̀ Popper di ìdajì ọ̀rọ̀ lójú mi. Ní 23 oṣù kejì ọdún 1987, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan tó bú gbàù dé ọ̀dọ̀ wa láti ibi tó jìn ju 160,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ lọ (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan). Ta ni yóò tún un ṣe? Síbẹ̀, ẹ̀rọ ní Japan, ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà àti ẹ̀rọ ní Soviet Union gba nǹkan bí 25 neutrino láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti torí rẹ̀ ṣe púpọ̀ nínú wọn. Mo gbà á gbọ́ ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti tún ṣe nígbà ogún lọ. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni, tí àìpé wọn kò jọra. Bí wáyà ọ̀kan bá tú, ti èkejì kò lè tú ní ìṣẹ́jú kan náà. Ohun kan náà ló mú kí ìgbì agbára òòfà tó ń fa nǹkan wálẹ̀ (gravitational wave) tí ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà gbà ní 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 wọ̀ mí lọ́kàn: ẹ̀rọ méjì tó fi nǹkan bí 3,000 kìlómítà jìnnà síra, tí wọ́n gbọ́ ohùn kan náà láàárín 0.007 ìṣẹ́jú àáyá. Irú ìgbì yẹn tí Joseph Weber, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ní òun ti gbọ́ láti ọdún 1969, àwọn tó ṣe irú ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ, ó sì ń wí títí pé ẹ̀rọ wọn kò dà bíi tòun.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀ jáde ni mo ń kọ “a ṣan ìgò lẹ́ẹ̀meje” sínú rẹ̀. Àwọn olóòtú máa ń yọ ọ́ kúrò, mo máa ń dá a padà. Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mi ò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi láti ibòmíràn. Ó ń tún ọ̀kan nínú iṣẹ́ mi ṣe. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ló ní omi òun mọ́ gaara, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni òun ti ṣe é, òun sì ṣan ìgò lẹ́ẹ̀meje bí mo ṣe wí. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, irú omi wo lẹ fi ń ṣan án?”

Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi àtijọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà ní yàrá yẹn, ọ̀kan ń fún wa ní omi lásán, ìkejì ń fún wa ní omi tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì ti gba ooru rẹ̀ kó tún di omi. Mo ń rí ọwọ́ bàbá náà lójú mi, bó ṣe di ìgò mú, bó ṣe ń ka méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Mi ò rántí ẹ̀rọ omi tó dúró tì. Bàbá sì ti kú.

Mo kọ̀wé padà sí ọmọ náà pé mi ò mọ̀, kó dán méjèèjì wò, kó sì fi èsì rẹ̀ tó mi létí.